Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mi Ń Kùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ra Mazda MX-5 Àlòkù

Ìgbà ìwọ́wé ni mo ra MX-5 tèmi, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, níbí, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnì 1.8, gíà márùn-ún. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi lé ìró yẹn kiri, mo sì náwó lé ohun tí kò bàjẹ́ kí n tó dé ìdí èyí tó bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ní irú ọkọ̀ yìí ti ń pè mí, láti Peckham, láti Manchester, láti Houston, ìbéèrè wọn kì í sì í jìnnà síra. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí kí ẹni tó bá kàn lè rí i kà kó tó náwó.

Irú MX-5 wo ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí?

Ìran àkọ́kọ́, NA, tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 1997, àti ìran kejì, NB, láti 1998 sí 2005. Àwọn tí mo ti fọwọ́ ara mi tú nìyẹn. Miata ni wọ́n ń pe ọkọ̀ kan náà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní ìran tó tẹ̀lé wọn lè lo gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ìró wò, ṣùgbọ́n kó wá nọ́ńbà tó bá tirẹ̀ mu nínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kó tó mú sípánà.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe tí mo bá gbọ́ ìró láti ẹ̀yìn?

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ gbé sípánà 21 mm, kí ẹ wo nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín lè ti tú ẹsẹ̀ yẹn láti fi kun ríìmù kí ojú rẹ̀ lè fani mọ́ra, kó má sì fún nọ́ọ̀tì padà dáadáa. Agbára tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi fún un jẹ́ 90 sí 118 N·m, èyí tí sípánà tó ń wọn agbára máa fi hàn yín. Ẹsẹ̀ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá tú máa ń dún bí ohun ńlá tó bàjẹ́, ó sì lè yọ lójú títì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í síwájú gbogbo nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ẹrù inú búùtù sílẹ̀. Inú búùtù ni jáàkì, sípíà táyà àti bátìrì wà nínú ọkọ̀ yìí. Mo ti rí arákùnrin kan tó ra ṣọ́ọ̀kì tuntun méjì, kó tó yé e pé jáàkì tó ti yọ nínú ìdè rẹ̀ ló ń lu irin.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń dún?

Ìró kì í dá rìn. Ó ní ohun tó ń tẹ̀lé: eré ẹsẹ̀, tàbí eré ẹ́ńjìnì, tàbí ẹsẹ̀ yín lórí bíréèkì, tàbí ọwọ́ yín lórí sítíárì, tàbí ojú títì fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń tẹ̀lé. Bí ẹ bá ti rí i, orúkọ ohun tó bàjẹ́ kò ní pẹ́ yọjú.

Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀, bóyá ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú. Ẹ pa rédíò. Ẹ mú eré dé ogójì máìlì ní wákàtí, kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíà, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí ìró bá dákẹ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń rọlẹ̀, ẹ lọ wo sàlẹ́ńsà àti páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ara ọkọ̀ lọ́wọ́ ooru rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò jẹ̀bi. Bó bá ń bá yín lọ, tí ohùn rẹ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí eré ṣe ń wálẹ̀, ohun tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìró bá yí padà, bíréèkì mọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fi í sínú gíà, kí ẹ máa tẹ asẹlérétọ̀, kí ẹ máa fi í sílẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fi í sílẹ̀. Ìró tó ń wá tó ń lọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń ṣe é, dífù ni kí ẹ fura sí, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì.

Bí ẹ bá ní ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán, ẹ jẹ́ kó wakọ̀ kí ẹ̀yin máa gbọ́. Etí ẹni tó ń wakọ̀ kì í gbọ́ dáadáa, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, "wúùùù" ni tèmi ń ṣe, ó sì ń lọ sókè bí mo ṣe ń sáré sí i. Ṣé táyà ni àbí bíárìn?

Ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ nìyí, òun náà ló sì ná mi lówó jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ gángan mọ bí ohùn ṣe ń gòkè tí onílù bá fún ọ̀ṣán rẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni táyà tó jẹ lọ́nà tí kò dọ́gba àti bíárìn tó ti gbó (òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ ń yí lórí rẹ̀) ṣe máa ń gòkè pẹ̀lú eré. Tí ọ̀kan bá ń kùn lábẹ́ ìjókòó yín, ẹ lè búra pé èkejì ni.

Ojú títì ló kọ́kọ́ ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kúrò lórí títì oníkọnkéré bọ́ sórí ọ̀dà tuntun tó ń dán, kí ẹ má sì dín eré kù. Ohùn táyà á yí padà lójú ẹsẹ̀, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bíárìn kò mọ irú títì tí ẹ ń gùn. Ohùn kan náà ni yóò máa fà lọ.

Èkejì ni kọ́nà. Bíárìn tó ti gbó kì í fẹ́ ẹrù. Bí ẹ bá yí sítíárì sí òsì lórí eré tí kò pọ̀, ìwúwo ọkọ̀ á bọ́ sápá ọ̀tún, bíárìn tó gbó lápá ọ̀tún á sì kígbe sí i. Ẹ yí i sí ọ̀tún, á rọlẹ̀. Táyà lè yí ohùn díẹ̀ nínú kọ́nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ẹ̀kẹta, àtẹ́lẹwọ́ yín. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ fi ọwọ́ pa ojú táyà láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ tún pa á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bó bá ń dán lọ́nà kan, tó sì ń họ yín lọ́wọ́ lọ́nà kejì bí eyín ayùn, táyà yẹn ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ohun tó ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò tò dọ́gba mọ́, tàbí pé ṣọ́ọ̀kì ti kú tí táyà sì ń fò lórí títì. Ẹ má pààrọ̀ táyà láìwo ìyẹn, torí tuntun náà á jẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀. Lára ògiri táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí: bí ó bá jẹ́ 3514, 35 ni ọ̀sẹ̀, 14 ni ọdún, ìyẹn ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ MX-5 ló jẹ́ pé ìgbà ẹ̀rùn nìkan ni olówó wọn ń gbé wọn jáde. Eyín táyà wọn á ga, á dà bí tuntun, ṣùgbọ́n róbà rẹ̀ ti le bí igi, ó sì ń kùn. Ẹ wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú: 26 psi ni fún ríìmù 14 àti 15, 29 psi fún ríìmù 16. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fún un bí ẹni ń fún ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ náà á sì máa ta pọ́ún-pọ́ún kiri.

Bí gbogbo èyí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú sẹ́yìn, kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn síwájú, lápá kan náà. Bákan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tóbi nínú ọkọ̀ yìí, kò sì ná yín ju wákàtí kan lọ. Ìró tó bá bá táyà lọ síwájú, ti táyà ni. Èyí tó bá dúró sẹ́yìn, ẹ máa kà lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òsì ni àbí ọ̀tún?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí yín. Ọkọ̀ yìí kúrú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ìdí ẹni tó jókòó. Ìró á gba inú irin kọjá, á jáde níbi tó bá wù ú. Èmi búra pé òsì ni tèmi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gáréèjì kan, wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi láìgbé ọkọ̀ sókè wò, wọ́n pààrọ̀ bíárìn òsì, wọ́n gba owó wọn. N kò tíì dé ráúńdábáòtù kejì tí mo fi gbọ́ ọ: wúùùù. Wọ́n ti kó irin àtijọ́ náà fún mi nínú páálí. Nígbà tí mo délé, mo fi aṣọ nu gírísì rẹ̀ kúrò, mo gbé e sábẹ́ iná. Ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbà ń dán bí dígí, kò sí ihò, kò sí àmì ìpata kankan. Irin tó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i ni mo fi owó yọ dànù.

Ọ̀rọ̀ kọ́nà tí mo sọ lókè yẹn máa ń tọ́ka sí apá tó jẹ̀bi lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà, torí ìlà bọ́ọ̀lù méjì ló wà nínú bíárìn kọ̀ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ ìlà inú ló bàjẹ́. Ọwọ́ ló ń parí ẹjọ́ náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ fi igi tàbí òkúta dí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni hánbíréèkì ń dì mú, ẹ sì máa ní láti tú u sílẹ̀, nítorí náà kò sí ohun mìíràn tó máa dá ọkọ̀ dúró. Ẹ gbé jáàkì sí abẹ́ àárín dífù, ẹ gbé e sókè, kí ẹ ki sítáǹdì onírin méjì bọ abẹ́ etí ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti fi irin kún un. Ẹ gbọ̀n ọ́n wò kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó bá wà lórí jáàkì nìkan, ẹ má na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín.

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíà. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan di sípíríìnì mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì máa yí ẹsẹ̀. Sípíríìnì yẹn máa ń gbé gbogbo ìgbọ̀nrìrì wá sọ́wọ́. Lápá òsì tèmi, tí bíárìn tuntun wà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lápá ọ̀tún, ó ń rìn wọ ìka mi bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọlọ tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀, mo tún dì í mú, kò yí padà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wá ohun tí ìka mi rí láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má fòyà bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò bá yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti iwájú. Ó ń fa ṣááfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó so ó mọ́ dífù, àti gíà dífù lẹ́yìn ni. Bí èyí tó wà lódìkejì bá sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀dá dífù náà nìyẹn, kì í ṣe àrùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa fà á. Bó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnìkan wọnú ọkọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mímì tó bá dáwọ́ dúró nígbà tí bíréèkì dì í mú, bíárìn ló ni ín. Èyí tí kò dáwọ́ dúró, bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn róbà inú apá tó so ẹsẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ni. Ẹ sì rántí pé bíárìn lè máa kùn fún oṣù púpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, nítorí náà àìmì kò dá a láre.

Tèmi kì í kùn, "kọ́, kọ́, kọ́" ló ń ṣe.

Ẹ kà á. Ẹ wakọ̀ ní máìlì mẹ́wàá ní wákàtí, kí ẹ fi fóònù gba ìró náà sílẹ̀. Táyà 195/50 R15 tó wà lára ọ̀pọ̀ NB máa ń rìn nǹkan bíi mítà 1.8 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ní eré yẹn, ó ń yí ní ìgbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí iye "kọ́" tí ẹ kà bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni tàbí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn: òkúta tàbí ìṣó nínú eyín táyà, ríìmù tó tẹ̀, nọ́ọ̀tì tó tú, táyà tó wú bí oówo. Èyí tó wú yẹn, ẹ má fi í rìn dé òpópó mìíràn. Ẹ gbé sípíà wọ̀ ọ́ níbi tí ẹ wà. Bó bá yára gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣááfù gígùn tó ti inú gíà lọ sí dífù ni kí ẹ wò, torí òun ń yí ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rin kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ó ń ṣe "ṣíí, ṣíí, ṣíí", mo sì ń gbọ́ òórùn jíjóná.

Bíréèkì ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé òru ni òjò rọ̀, tí ìró náà sì parẹ́ lẹ́yìn tí ẹ tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìpata orí dísìkì lásán ni. Bó bá jẹ́ pé kò sóòórùn, tí kò sí ooru, páànù ẹ̀yìn dísìkì lè ti dípẹtà kó tẹ̀ wọnú, tàbí kí òkúta wẹ́wẹ́ há sí àárín wọn. Ọwọ́ àti sukurudiráfà ló ń yanjú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n òórùn jíjóná túmọ̀ sí pé kálípà, ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, kò fi dísìkì sílẹ̀. Ẹ wakọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ má tẹ bíréèkì ju bó ti yẹ lọ, kí ẹ wá sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ríìmù òsì àti ọ̀tún láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ń jó bí ààrò ló ní ọ̀rọ̀.

Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára MX-5 gan-an, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sórí títì nígbà òtútù. Àbúrò mi kan ní Manchester rò pé bíárìn ni tirẹ̀. A tú ẹsẹ̀: páàdì ìta ṣì nípọn dáadáa, ti inú ti jẹ tán, irin ń họ irin, ojú dísìkì sì ti di pòròpórò bí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Irin tí kálípà fi ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ ló ti dípẹtà mọ́lẹ̀. A fọ̀ ọ́, a fi gírísì bíréèkì sí i, a pààrọ̀ páàdì àti dísìkì lápá méjèèjì. Ẹ tún wo apá kékeré tí okùn hánbíréèkì ń fà lẹ́yìn kálípà. Bí kò bá ń padà dé ìdí ibi tó yẹ kó dúró, bíréèkì á máa di dísìkì mú bí ẹ tilẹ̀ ti tú hánbíréèkì sílẹ̀.

Ibì kan wà tí àwọn mẹ́káníìkì tí kò mọ ọkọ̀ yìí ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe. Pisítìnì kálípà ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi agbára tì wọlé. Bóòtù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ máa tú. Nínú ihò rẹ̀ ni ẹ máa ki kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà 4 mm sí, kí ẹ yí i sí òsì láti mú pisítìnì padà. Bí páàdì tuntun bá ti wọlé, ẹ yí i sí ọ̀tún títí páàdì á fi di dísìkì mú, kí ẹ wá tú u padà ní ìdá kan nínú mẹ́ta yíyí kan. Ẹni tó bá fi ipá tì í á ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́.

"Kọ́" kan ṣoṣo ni, nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra tàbí tí mo bá kúrò nínú rìfáàsì.

Àwọn tó ń wa Nissan 350Z mọ ìró yìí dáadáa, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń fà. Ibi tí orí ṣááfù ti fara kan họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ mọ́, ti gbẹ, tàbí nọ́ọ̀tì ńlá àárín rẹ̀ ti dẹ̀. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì náà, 29 mm lára MX-5, wọ́n á nu ojú méjèèjì, wọ́n á fi gírísì pa á, wọ́n á fi nọ́ọ̀tì tuntun dè é láàárín 217 sí 294 N·m. Sípánà tó ń wọn agbára ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ àti "ó ti tó". Bí kò bá lọ, ẹ wo róbà tó gbé dífù dúró.

Ó ń ṣe "kàràkàrà" lórí títì tó ní ihò wẹ́wẹ́.

Irin kékeré tó so ọ̀pá ìdúróṣinṣin mọ́ apá ẹsẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Kò wọ́n, kò sì le láti pààrọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ sípíríìnì pẹ̀lú bóyá ó ti kán níbi tó jókòó sí.

Dífù ńkọ́?

Dífù tó ti gbó máa ń hu, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àárín ni ó ti ń wá, kò sì ka kọ́nà sí. Ẹ kọ́kọ́ wo epo inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni kò sẹ́ni tó pààrọ̀ epo yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ṣé mo ṣì lè máa wà á lọ síbi iṣẹ́?

Bíárìn tó ń kùn tí kò mì lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, kó sì gbé yín padà. Ẹ má gbé e gba òpópónà tí wọ́n ti ń sáré. Èyí tó ti ń mì, ẹ gbé e kalẹ̀. Bíréèkì tó ń jóná, ẹ gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ooru yẹn á yọ́ gírísì inú bíárìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbèsè kan á wá di méjì. Ní England, Scotland àti Wales, bíárìn tó ń mì jù tàbí tó ń họ jù lè mú kí ọkọ̀ má yege nínú àyẹ̀wò MOT ọdọọdún.

Ṣé mo lè pààrọ̀ bíárìn náà fúnra mi?

Ẹ lè tú u fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ láti yọ ọ́ àti láti tì í wọlé. Inú irin ńlá tó gbé ẹsẹ̀ ni bíárìn ẹ̀yìn há sí, òrùka irin kan ló sì ń dá a dúró. Bí wọ́n bá fa họ́ọ̀bù jáde, bíárìn á já sí méjì, òrùka inú rẹ̀ sábà máa ń kù sára họ́ọ̀bù. Nígbà tí tuntun bá ń wọlé, òrùka ìta nìkan ni kí ẹ̀rọ tẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ òrùka inú, bọ́ọ̀lù á ṣe ihò sójú ọ̀nà wọn, ìró náà á sì padà dé kí oṣù méjì tó pé. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó máa ṣe é, ẹ má tijú.

Ohun tó dá mi dúró jù ni bóòtù gígùn ìsàlẹ̀ tó gba inú irin náà kọjá. Ó ti dípẹtà mọ́ inú bọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń da epo ìpata sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ kó tó yí. Ẹ ra bóòtù yẹn ní tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

N kò tíì rà á. Kí ni kí n gbọ́ fún?

Ẹ ṣe àyẹ̀wò títẹ kílọ́ọ̀ṣì àti kọ́nà tí mo sọ lókè, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á pa orin. Bó bá ní kí rédíò máa kọrin, ẹ bi ara yín léèrè ìdí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo ìtàn MOT rẹ̀ lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lọ sẹ́yìn dé 2005. Ẹ ka àwọn ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó yege. Bí wọ́n bá ti mẹ́nu kan bíárìn tàbí bíréèkì ẹ̀yìn lọ́dún méjì tẹ̀ léra, olówó rẹ̀ gbọ́, kò sì ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni mo wà. Miata tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni tèmi.

Àyẹ̀wò kan náà ni, àbúrò mi. Kòtò ló máa yàtọ̀. Ríìmù tó tẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ fura sí: jẹ́ kí fọkanáísà yí ẹsẹ̀ náà lójú rẹ, kó o tẹjú mọ́ etí rẹ̀ bóyá ó ń jó. Ìpata iyọ̀ lè ti bá a láti Amẹ́ríkà bó bá jẹ́ apá ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ti lò ó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ irin ẹ́ńjìnì. Ohun tí mo fẹ́ kó o yẹra fún ni bíárìn tòkunbọ̀, ì báà jẹ́ ní Ladipo tàbí níbikíbi. O ti ka bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá ti fà jáde lára ọkọ̀ mìíràn ti gba ìyà tó ń ba irin jẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ.

Wọ́n ti tún un ṣe. Kí ló kù?

Lẹ́yìn àádọ́ta máìlì, ẹ tún fi sípánà wo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀. Kí ẹ sì padà sójú ọ̀nà kan náà tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ní eré kan náà, pẹ̀lú rédíò ní pípa. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ọjọ́ tí mo gbé tèmi padà síbẹ̀. Mo mú un dé ogójì, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo yọ ọ́ kúrò nínú gíà. Omi tó ń ta sábẹ́ ọkọ̀ nìkan ni mo gbọ́.